Àwọn Tó Wọn Òtútù Ojú Ọ̀run

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn wa, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ó sì ga ju ààlọ́ lọ. Láàárín ìràwọ̀ kan sí ìràwọ̀ kejì, níbi tí ojú lásán ti ń wo òkùnkùn tó ń rò pé òfìfo ni, àwọn ìkùukùu kan wà níbẹ̀ tí wọ́n tóbi débi pé ìmọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí í sáré 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan péré, a máa rin ọ̀pọ̀ ọdún kó tó la ọ̀kan nínú wọn já. Gáàsì ni wọ́n, eruku sì ni wọ́n. Òjò kankan kò rọ̀ láti inú wọn rí, àmọ́ inú wọn ni wọ́n ti bí àwọn ìràwọ̀ tí ẹ ń rí lókè lálẹ́, inú irú wọn náà ni oòrùn tó ń pa wá lórí yìí ti jáde wá ní nǹkan bí bílíọ̀nù 4.6 ọdún sẹ́yìn.

Nígbà tí William Herschel, àgbà onímọ̀ ìràwọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé ibi tí ìràwọ̀ ti dàwátì nínú awò awọ̀nàjíjìn rẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, ó pariwo pé ihò ni, ó ní ọ̀run lu níbẹ̀. Ó kú lọ́dún 1822 láìmọ ohun tó rí. Ẹni tó wá tú àṣírí náà dé ìdí ni Edward Emerson Barnard, ọmọ tálákà tí wọ́n bí ní Nashville ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1857, tí baba rẹ̀ ti kú kí ó tó délé ayé, tó sì ti ń ṣiṣẹ́ nílé ayafọ́tò nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Iṣẹ́ fọ́tò tó kọ́ nínú òṣì yẹn ló gbé e dé ojú ọ̀run. Alẹ́ dalẹ́ ló fi ń ya ọ̀run ní fọ́tò. Òun náà kọ́kọ́ ṣiyèméjì, ó pẹ́ kó tó gbà pé kì í ṣe ihò. Lọ́dún 1919 ó tẹ ìwé kan jáde tó to 182 nínú àwọn ibi dúdú wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ. Ohun kan ló dí ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀ ẹ̀yìn lójú, ohun náà sì wà níbẹ̀ gidi.

Bí ènìyàn bá ti mọ̀ pé ohun kan wà níbì kan, ìbéèrè mìíràn a dìde: ṣé ó gbóná ni, àbí ó tutù? Ẹ má fojú kékeré wo ìbéèrè yìí. Ìkùukùu tó bá gbóná, gáàsì inú rẹ̀ a máa ti ara rẹ̀ síta. Èyí tó bá tutù ni ìwúwo ara rẹ̀ lè tẹ̀ mọ́lẹ̀, tí yóò máa fún pọ̀, tí yóò máa fún pọ̀, títí iná ìràwọ̀ yóò fi ràn nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ bí ìkùukùu ṣe tutù tó, kò lè sọ bóyá yóò bímọ ni tàbí yóò tú ká.

Ta ni yóò wá gbé tẹ̀mómítà débẹ̀? Ọkọ̀ òfurufú Voyager 1 ti wà lójú ọ̀nà láti ọdún 1977, kò sinmi lọ́sàn-án, kò sinmi lóru, síbẹ̀ ibi tó dé kò tíì tó ìrìn ọjọ́ méjì fún ìmọ́lẹ̀. Àwọn ìkùukùu inú àgbájọ ìràwọ̀ Taurus, tí wọ́n wà lára àwọn tó sún mọ́ wa jù, ìrìn nǹkan bí ọdún 450 ni fún ìmọ́lẹ̀ kan náà. Ọwọ́ ọmọ ènìyàn kò lè tó o láéláé. Àmọ́ àwọn ìkùukùu yẹn ń rán iṣẹ́ wá, àwọn mólékù inú wọn sì ni ìránṣẹ́. Gbogbo ìtàn tí mo ń sọ yìí dá lórí bí àwọn ènìyàn kan ṣe fi ọ̀pọ̀ ọdún dán àwọn ìránṣẹ́ yìí wò lọ́kọ̀ọ̀kan, láti mọ èyí tó ń jíṣẹ́ bó ṣe yẹ àti èyí tó ń da ọ̀rọ̀ rú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa. Mólékù a máa yípo, ṣùgbọ́n kì í yípo bó ṣe wù ú. Ẹ fojú inú wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà púpọ̀: ènìyàn lè dúró nísàlẹ̀, ó lè gun àjà kìíní, ó lè gun àjà kejì, àmọ́ kò lè dúró sí agbede méjì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni agbára ìyípo mólékù. Bí mólékù mìíràn bá sáré wá kọlù ú, ó lè ti í gun òkè. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ padà, yóò tú ìgbì rédíò kan sílẹ̀ tí gígùn rẹ̀ kò yẹ̀ rárá, ìgbì tó jẹ́ ti irú mólékù yẹn àti àjà yẹn nìkan. Níbi tí ó bá tutù, ìsàlẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn máa ń wà. Níbi tí ó bá gbóná, àwọn tó wà lókè a máa pọ̀ sí i. Nítorí náà, ẹni tó bá lè ka iye tó wà ní àjà kan sí iye tó wà ní àjà kejì, ó ti ka tẹ̀mómítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé náà wà ní ẹgbẹ̀rún ọ̀nà ọdún ìmọ́lẹ̀ sí ibi tó jókòó sí. Àwọn onímọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò wọn láti ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí òtútù ti parí: 0 Kelvin. Omi a máa di yìnyín ní nǹkan bí 273 Kelvin. Ọ̀sán gangan nílẹ̀ wa wà ní bí 305. Ẹ fi àwọn nọ́ńbà yìí sọ́kàn.

Ní ìlú Victoria, ní etíkun ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Kánádà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Andrew McKellar. Dominion Astrophysical Observatory ló ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1940, ó wo ìlà tín-ín-rín dúdú kan nínú ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ọ̀dọ̀ ìràwọ̀ bọ̀, ó ní mólékù sayánójìn, ìyẹn kábọ́ọ̀nù kan àti náítrójìn kan tí wọ́n so mọ́ra, ló dúró lójú ọ̀nà tó gbé ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ mì. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ilé ló fa ìlà yẹn. McKellar wá sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí: ó ní bí díẹ̀ nínú wọn bá wà lájà kìíní, ìlà mìíràn tó rẹlẹ̀ gidi gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibi báyìí ni kí wọ́n wò. Walter Adams, olórí ilé ìwòràwọ̀ Mount Wilson ní California, tún ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ Zeta Ophiuchi wò. Ìlà náà wà níbẹ̀! Ó fẹ́lẹ́, àmọ́ ó wà níbẹ̀. McKellar fi ìlà kan wọn èkejì, ó ṣe ìṣirò rẹ̀, ó sì tẹ èsì jáde lọ́dún 1941: 2.3 Kelvin.

Ẹ dúró wò ó ná. Ogun Àgbáyé Kejì ń jà lọ́wọ́, ìlú ńláńlá ń jóná, ọkùnrin kan sì jókòó ní Victoria pẹ̀lú pẹ́ńsù àti ìwé, ó ti ka ìwọ̀n òtútù kan tó pẹ́ ju gbogbo ìràwọ̀ lọ. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Kí ló gbé àwọn mólékù yẹn dé àjà kìíní, nígbà tí gáàsì tó yí wọn ká fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí agbára káká ni nǹkan fi ń kọlù wọ́n? Kò sẹ́ni tó tẹpẹlẹ mọ́ ìbéèrè náà. Gerhard Herzberg, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá àgbà nínú ìmọ̀ mólékù, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 1950 pé ìtumọ̀ nọ́ńbà yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ tó nǹkan. McKellar kú lọ́dún 1960, ẹni àádọ́ta ọdún ni. Lọ́dún 1964, ní Holmdel ní New Jersey, Arno Penzias àti Robert Wilson ti iléeṣẹ́ Bell bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ariwo kan nínú eríàlì ńlá wọn tí kò ní orísun. Wọ́n lé àwọn ẹyẹlé tó ń gbé inú rẹ̀ dànù, wọ́n kó ìgbẹ́ ẹyẹlé kúrò, ariwo kò lọ. Ibi gbogbo lójú ọ̀run ló ti ń wá, bákan náà ni tọ̀sán tòru, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ 3.5 Kelvin nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀ lọ́dún 1965. Ìyókù ìgbóná àtètèkọ́ṣe ni, ìgbóná ọjọ́ tí ayé òun ọ̀run bẹ̀rẹ̀, tó ti tutù bí gbogbo nǹkan ṣe ń gbòòrò sí i. Sátẹ́láìtì COBE tó gòkè lọ́dún 1989 ló jẹ́ kí a mọ̀ ọ́n dájú: ó lé díẹ̀ ní 2.7 Kelvin.

Kò pé ọdún kan tí àwọn bíi George Field, Patrick Thaddeus àti Iosif Shklovsky fi rántí sayánójìn McKellar. Ìgbóná àtètèkọ́ṣe ló gbé àwọn mólékù yẹn gun àjà kìíní! Ọdún 24 ni nọ́ńbà náà ti wà nínú ìwé tí ẹnikẹ́ni lè ṣí. Ọ̀rọ̀ McKellar a máa dùn mí dé egungun, nítorí pé ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀, ó sì lọ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ kíyè sí ohun kan ṣá: sayánójìn kò sọ bí ìkùukùu tirẹ̀ ṣe gbóná tó. Ìgbóná tó kún gbogbo ọ̀run ló ròyìn. Ìránṣẹ́ rere ni, àmọ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn ló jẹ́ fún wa.

Wàyí o, ta ni yóò jẹ́ iṣẹ́ ìkùukùu gan-an? Ibí ni Charles Townes ti wọlé.

Greenville ní South Carolina ni wọ́n bí Townes sí lọ́dún 1915. Nígbà ogun, iléeṣẹ́ Bell fi í sídìí iṣẹ́ rédà. Àwọn ológun fẹ́ kí rédà tuntun lo ìgbì tó gùn tó 1.25 sẹ̀ǹtímítà. Townes kìlọ̀ fún wọn pé ooru omi inú afẹ́fẹ́ yóò gbé ìgbì yẹn mì. Wọn ò gbọ́. Wọ́n ṣe é tán, omi sì gbé e mì lóòótọ́. Ohun tó ba rédà jẹ́ yẹn ló la ojú Townes sí ọ̀nà tuntun, pé ìgbì kékeré ni èdè tí mólékù ń sọ, àti pé amóníà ló ń sọ ọ́ ketekete jù. Àwọn onímọ̀ méjì ní Michigan, Cleeton àti Williams, ti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn amóníà ní yàrá ìwádìí wọn lọ́dún 1934. Townes mú mólékù yìí, ó mọ̀ ọ́n tinú tẹ̀yìn. Lọ́dún 1954, ní Yunifásítì Columbia, òun pẹ̀lú James Gordon àti Herbert Zeiger fi amóníà ṣe ẹ̀rọ tó ń sọ ìgbì kékeré di alágbára, ẹ̀rọ maser, èyí tó ṣíwájú lésà tí gbogbo ayé ń lò lónìí. Ẹ̀bùn Nobel tẹ̀ lé e lọ́dún 1964, tòun ti Basov àti Prokhorov ti Soviet.

Ẹni tó ti gba irú oyè yẹn lè jókòó kó máa jẹun ọlá. Townes kò jókòó. Ó ti sọ ọ́ níbi àpérò kan ní Manchester lọ́dún 1955 pé kí wọ́n wá mólékù kiri ojú ọ̀run pẹ̀lú rédíò, ó sì to orúkọ àwọn mólékù náà sílẹ̀ fún wọn. Ẹ̀rín lásán ni púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ fi gbà á. Wọ́n ní gáàsì ojú ọ̀run fọ́nká jù, wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀ yóò ti fọ́ mólékù èyíkéyìí tó bá gbìyànjú láti wà níbẹ̀. Lọ́dún 1967, lẹ́ni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, Townes kó lọ sí Berkeley ní California, ó sì gbéra sọ ohun tó ní lọ́kàn láti ọjọ́ yẹn di iṣẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Jack Welch ní àwo rédíò tuntun kan ní Hat Creek, láàárín òkè àti igbó ìhà àríwá California, àwo tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà mẹ́fà. Albert Cheung, akẹ́kọ̀ọ́, David Rank àti Douglas Thornton dara pọ̀ mọ́ wọn. Wọ́n kọ́ ẹ̀rọ agbohùn tó lè gbọ́ 1.25 sẹ̀ǹtímítà, ìgbì tó fìdí rédà jánlẹ̀ yẹn kan náà. Nígbà tí ọdún 1968 ń lọ sópin, wọ́n kọjú àwo náà sí ìhà Sagittarius, sí àárín gbùngbùn agbo ìràwọ̀ tiwa.

Amóníà ló dáhùn! Òórùn tó ń gún ni nímú nílé ọ̀sìn adìẹ àti nílé ìtọ̀, òun náà ló kún inú ìkùukùu tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti kúrò nílé láti nǹkan bí ọdún 26,000 sẹ́yìn. Àwọn tó sọ pé kò lè sí níbẹ̀ panu mọ́. Kí ẹnu tó padé, ọdún 1969 dé, àwo kan náà ní Hat Creek gbọ́ omi. Omi lójú ọ̀run, ní Sagittarius, ní Orion, ní ibi tí wọ́n ń pè ní W49! Ohùn omi náà lágbára kọjá ààlà. Bí a bá gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, ìgbóná ibẹ̀ yóò ju ti inú oòrùn lọ fíìfíì, mólékù omi kankan kò sì lè wà níbẹ̀ láìfọ́. Maser ni omi ọ̀hún. Ẹ̀rọ tí Townes fi ọgbọ́n orí ṣe lọ́dún 1954, ojú ọ̀run ti ń ṣe é fúnra rẹ̀ kí ènìyàn tó wà. Ìyẹn ni pé omi kì í ṣe ìránṣẹ́ tí a lè béèrè ìwọ̀n ìgbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Àsọdùn ni tirẹ̀.

Lọ́dún 1969 yẹn kan náà, Snyder, Buhl, Zuckerman àti Palmer lo awò rédíò Green Bank ní West Virginia, wọ́n rí fọmadiháídì, èyí tí wọ́n ń pò mọ́ omi di fọ́málínì tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ní mọ́ṣúárì. Nígbà tí wọ́n wo àwọn ìkùukùu dúdú tí kò sí ìràwọ̀ kankan lẹ́yìn wọn, fọmadiháídì ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ wo ló wà níbẹ̀ láti gbé mì bí kì í bá ṣe ti àtètèkọ́ṣe? Ó dà bíi pé mólékù yìí tutù ju 2.7 Kelvin lọ. Townes àti Cheung ló wá ṣàlàyé: bí háídrójìn ṣe ń gbá fọmadiháídì, ṣe ló ń kó wọn jọ sísàlẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ìkùukùu fúnra rẹ̀ móoru ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìránṣẹ́ kan ṣe àsọdùn, èkejì ṣe àbùkù.

Háídrójìn ńkọ́, tó jẹ́ pé òun ló kún inú ìkùukùu wọ̀nyí bámúbámú? George Carruthers, ọmọ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kámẹ́rà tó fi ríran, gbé kámẹ́rà náà sórí rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́dún 1970, ó sì di ẹni àkọ́kọ́ tó rí mólékù háídrójìn láàárín àwọn ìràwọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kò lè rí ló fi rí i. Nínú òtútù ìkùukùu dúdú, háídrójìn yadi. Àjà tó ti lè tú ìgbì sílẹ̀ ga jù fún un, ó fẹ́ ìgbóná ọgọ́rọ̀ọ̀rún Kelvin kó tó débẹ̀. A ní láti wá ẹlòmíràn tó ń bá a gbé, kó máa bá a sọ̀rọ̀.

Ọdún 1970 náà ni wọ́n rí i. Wilson àti Penzias, àwọn tó lé ẹyẹlé ní Holmdel, tún fara hàn nínú ìtàn wa: àwọn àti Keith Jefferts gbé ẹ̀rọ tuntun iléeṣẹ́ Bell lọ sí òkè Kitt Peak ní Arizona, lórí ilẹ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Tohono O’odham, wọ́n so ó mọ́ awò rédíò tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 11, wọ́n kọjú rẹ̀ sí Orion. Ìgbì tó gùn tó 2.6 mìlímítà ló wọlé. Kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń tan jẹnẹrétọ̀ mọ̀ ọ́n, èéfín tí kò lóòórùn tí kò sì láwọ̀, tó ti pa odidi ìdílé mọ́jú nítorí pé wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sún mọ́ fèrèsé. Lójú ọ̀run, òun ló pọ̀ jù nínú àwọn mólékù tó ń sọ̀rọ̀. Àjà kìíní rẹ̀ rẹlẹ̀, 5.5 Kelvin péré ti tó láti ti í débẹ̀. Àwọn onímọ̀ fi ya àwòrán ìkùukùu jákèjádò agbo ìràwọ̀ wa. Ó sì ń sọ òótọ́ nípa ìgbóná, àmọ́ ó ní àléébù kan: ó pọ̀ jù. Ìgbì tí èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún bá tú sílẹ̀, èyí tó wà níwájú a gbé e mì. Ara òde ìkùukùu nìkan ni a ń tipa rẹ̀ mọ̀.

Ìdí nìyí tí gbogbo ọ̀rọ̀ fi tún padà sọ́dọ̀ amóníà, tí n kò sì rò pé mólékù mìíràn wà lójú ọ̀run tó yẹ ká yìn tó o. Ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ wò ó dáadáa. Háídrójìn mẹ́ta dúró ní igun mẹ́ta, náítrójìn kan wà lórí wọn. Náítrójìn yìí kì í dúró lójú kan. Ó ń gba àárín àwọn mẹ́ta náà kọjá sódì kejì, ó tún ń padà, nǹkan bí ìgbà bílíọ̀nù 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìlọ-bọ̀ yẹn ló ń fún wa ní ìgbì 1.25 sẹ̀ǹtímítà. Bí mólékù náà bá sì ń yára yípo sí i, ìlọ-bọ̀ rẹ̀ a yí padà díẹ̀: àwọn tó wà ní ipò àkọ́kọ́ ń kọ ní 23,694 megahertz, àwọn tó wà ní ipò kejì, tí agbára wọn ga jù ú lọ, ń kọ ní 23,722. Ohùn méjèèjì súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ kan náà, lórí àwo kan náà, lè gbọ́ wọn pọ̀, kò sì ní sí iyèméjì pé irinṣẹ́ ló ṣe ojúsàájú.

Kàyééfì tó wà nídìí rẹ̀ nìyí. Amóníà kò lè fi ìmọ́lẹ̀ bọ́ láti ipò kejì yẹn wá sí àkọ́kọ́, òfin ìyípo rẹ̀ kò gbà á láyè. Ohun kan ṣoṣo ló lè mú un ṣípò: kí háídrójìn wá kọlù ú. Bí háídrójìn bá sì ṣe ń sáré tó, ìyẹn ni ìgbóná gáàsì gan-an. Nítorí náà iye tó wà ní ipò kejì sí ti àkọ́kọ́ kò bá ìgbóná àtètèkọ́ṣe ṣe, kò bá ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ṣe, ìgbóná ìkùukùu nìkan ló ń pa á láṣẹ. Ó tún ku ẹyọ kan. Ohùn àkọ́kọ́ yẹn kì í ṣe ẹyọ kan, ìlà kéékèèké 18 ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n pín sí agbo márùn-ún: ńlá kan láàárín, méjì-méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. A mọ bí ó ṣe yẹ kí ti ẹ̀gbẹ́ kéré sí ti àárín. Bí ti ẹ̀gbẹ́ bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, a jẹ́ pé ìkùukùu náà ti nípọn débi tó ń gbé ìgbì ara rẹ̀ mì, a ó sì ṣe àtúnṣe sí ìṣirò wa. Amóníà ń jíṣẹ́, ó tún ń sọ iye tí a lè gbà gbọ́ nínú iṣẹ́ tó jẹ́! Lọ́dún 1983, Paul Ho pẹ̀lú Townes kó gbogbo ìmọ̀ yìí jọ sójú kan, ọdún yẹn náà ni Malcolm Walmsley àti Hans Ungerechts fi hàn bí tẹ̀mómítà yìí ṣe máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀ níbi tí ó bá ti móoru, wọ́n sì ṣírò àtúnṣe rẹ̀.

Kí wá ni amóníà sọ? Ó ní ìkùukùu dúdú, àwọn ibi tí Barnard yà ní fọ́tò, wà ní nǹkan bí 10 Kelvin. Ó ní ní Orion, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìràwọ̀ ńlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bí, ó kọjá 100. Àwọn onímọ̀ rí ìdí rẹ̀: ìtànṣán alágbára tó ń sáré kiri ojú ọ̀run a máa wọ inú ìkùukùu lọ, a sì máa mú un móoru díẹ̀, kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì a máa kó ìgbóná náà jáde. Ibi tí fífún àti gbígbà ti dọ́gba ni 10 yẹn. Nínú Taurus, ìkùukùu kan wà tí wọ́n ń pè ní L1544, tó ti wà ní bèbè àtidi ìràwọ̀. Lọ́dún 2007, Antonio Crapsi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì ohun tí àwọn àwo 27 ti Very Large Array ní New Mexico gbọ́ níbẹ̀ jáde. Ní òde, bí 12 Kelvin ni. Bí wọ́n ṣe ń wọ inú lọ ni òtútù ń le sí i, títí dé 5.5 Kelvin láàárín gbùngbùn. Òtútù yẹn pọ̀ débi pé kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì ti dì mọ́ eruku, ó ti panu mọ́. Amóníà wà lára àwọn díẹ̀ tó ṣì ń sọ̀rọ̀ láti inú ibi tí ìràwọ̀ tuntun yóò ti jáde.

Ǹjẹ́ òtútù kan tún wà lójú ọ̀run tó ju èyí lọ? Ó yẹ kí ìdáhùn jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìgbóná àtètèkọ́ṣe wà níbi gbogbo, 2.7 Kelvin, kò sì sí ohun tó yẹ kó tutù ju ilé tó ń gbé inú rẹ̀ lọ. Àmọ́ onímọ̀ ìràwọ̀ kan, Raghvendra Sahai, rò ó lọ́nà mìíràn. Ó ní bí ìràwọ̀ kan tó ń kú bá ń fẹ́ gáàsì jáde pẹ̀lú eré burúkú, gáàsì náà yóò máa gbòòrò kíákíá, gáàsì tó bá sì gbòòrò láìrí ìgbóná gbà a máa tutù. Lọ́dún 1995, òun àti Lars-Åke Nyman kọjú awò rédíò oníwọ̀n mítà 15 ní La Silla, lórí òkè ilẹ̀ Chile, sí ìkùukùu Boomerang ní àgbájọ ìràwọ̀ Centaurus, tó wà ní nǹkan bí 5,000 ọdún ìmọ́lẹ̀ sí wa. Wọ́n ń retí ìgbì kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì 2.6 mìlímítà. Dípò kí ìkùukùu náà tàn ju ọ̀run ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, ó ṣókùnkùn jù ú lọ. Ó ń gbé ìmọ́lẹ̀ àtètèkọ́ṣe mì. Fọmadiháídì ti ṣe irú èyí rí, ó sì jẹ́ àbùkù, nítorí náà àwọn méjèèjì kò sáré gbà. Wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ náà wò síwá sẹ́yìn, wọ́n fi ìgbì kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì mìíràn wé e, wọ́n ṣírò gbogbo rẹ̀, òtítọ́ náà sì dúró. Gáàsì ọ̀hún tutù lóòótọ́. Lọ́dún 1997 wọ́n kéde rẹ̀: 1 Kelvin.

Kò sí ibì kankan tí a mọ̀ lójú ọ̀run, tí kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn ló dá a nínú yàrá ìwádìí, tó tutù tó o. Gáàsì náà ń jáde ní nǹkan bí 164 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, eré tí ìràwọ̀ arúgbó lásán kò ní agbára fún. Lọ́dún 2017, Sahai, Nyman àti Wouter Vlemmings lo àwọn àwo ALMA, ní aginjù Atacama ní Chile yẹn náà, wọ́n sì rí àlàyé tó bá ọ̀rọ̀ náà mu. Ó jọ pé ìràwọ̀ méjì ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tó tóbi wú títí ó fi gbé èkejì mì, ìkejì ń yí po nínú ikùn rẹ̀ bó ṣe ń rì lọ sí àárín, agbára ìrì náà ló sì fọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ara ìràwọ̀ ńlá náà dànù sójú òfìfo. Etí òde gáàsì yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí móoru díẹ̀díẹ̀ báyìí, àmọ́ inú rẹ̀ ṣì wà ní 1 Kelvin, ó sì ṣì ń tàn kálẹ̀.